Ẹ̀bùn àfọwọ́ṣe tó ń dé láìbàjẹ́: chin-chin, ìpara òrí àti ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́

Chin-chin tó ń dún kàù lẹ́nu lálẹ́ Ọjọ́rú ti rọ̀ kó tó di ọjọ́ ìkómọ ní Sátidé. Ìpara òrí tó fúyẹ́ nínú ìgò ní Ìbàdàn ti di omi kí mọ́tò tó dé Ọ̀jọ́ta. Ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ já lọ́jọ́ kejì tí wọ́n wọ̀ ọ́. Ẹ̀bùn tí a fọwọ́ ara wa ṣe sábà máa ń dára lọ́jọ́ tí a ṣe é. Ọ̀nà ló ń bà á jẹ́. Torí náà, kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ kọ́kọ́ ro iye ọjọ́ tí ẹ̀bùn yín máa lò kó tó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín, àti bí ooru ṣe máa mú tó lójú ọ̀nà.

Mẹ́ta yìí ló rọrùn jù fún ọjọ́ ìbí, ìkómọ, ìgbéyàwó, Iléyá tàbí Kérésì. Ìlẹ̀kẹ̀ lè wà nílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ìpara òrí, ọ̀sẹ̀ kan. Chin-chin ní tirẹ̀, ẹ dín in nígbà tí ayẹyẹ bá ku ọjọ́ mẹ́ta.

Ìgò

Ìgò onígíláàsì ẹlẹ́nu gbòòrò ló dára jù. Ìgò kọfí tàbí ti mayonéèsì tó ti ṣófo náà dára, bí òórùn bá ti kúrò lára rẹ̀. Abẹ́ ọmọrí ni òórùn ń sá pamọ́ sí, torí náà ẹ rẹ ọmọrí sínú omi àti fínígà di ọjọ́ kejì. Inú omi tútù ni kí ẹ kó ìgò sí kí ẹ tó gbé e kaná, torí ìgò tí a bá jù sínú omi tó ti ń hó máa ń sán. Kó hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà kí ẹ da ẹnu rẹ̀ délẹ̀ lórí aṣọ mímọ́ títí á fi gbẹ. Ẹ má fi aṣọ nu inú rẹ̀. Tí ìgò kò bá gbẹ kanlẹ̀, ẹ má ì kó nǹkankan sí i: ẹ̀kán omi kan péré ti tó láti mú chin-chin rọ̀, ó sì tó láti mú òrí hu èbu.

Chin-chin

Èyí tó máa kún nǹkan bí ìgò mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ìdajì lítà: fúláwà gíráàmù 500, ṣúgà gíráàmù 125, bọ́tà gíráàmù 100, ẹyin kan, mílíìkì olómi mílílítà 120, ìdajì ṣíbí kékeré nọ́tìmẹ́ẹ̀gì tí a rin, àti iyọ̀ díẹ̀ tí orí ìka méjì lè mú. Òróró tuntun lítà kan àbọ̀ ni ẹ máa fi dín in. Òróró tí wọ́n ti fi dín ẹja kò ṣe é lò, bó ti wù kí ẹ sẹ́ ẹ tó. Òórùn rẹ̀ á jáde ní ọjọ́ kejì.

Ẹ fi òṣùwọ̀n wọn nǹkan wọ̀nyí. Ife ilé kan kò dọ́gba pẹ̀lú ti ilé kejì, bẹ́ẹ̀ bọ́tà tó bá fi gíráàmù 30 lé ti tó láti mú kí chin-chin máa tú sínú òróró.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi béékìn páúdà sí i. Fún èyí tí ẹ máa jẹ nílé lọ́jọ́ yẹn, kò burú. Fún ẹ̀bùn, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ó máa ń jẹ́ kó wú, ihò á wà nínú rẹ̀, òróró á sì wọnú ihò náà lọ. Òróró yẹn ló ń yí òórùn chin-chin padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ da ṣúgà sínú mílíìkì, kí ẹ máa rò ó títí hóró kankan kò fi ní kù nísàlẹ̀. Ṣúgà tí kò bá yọ́ á jóná nínú òróró, á sì fi àmì dúdú sára chin-chin. Ẹ lu ẹyin mọ́ mílíìkì náà. Nínú abọ́ mìíràn, ẹ fi ìka ra bọ́tà, nọ́tìmẹ́ẹ̀gì àti iyọ̀ pọ̀ mọ́ fúláwà títí gbogbo rẹ̀ á fi rí wẹ́wẹ́ bíi gàárì. Kí ẹ wá máa da mílíìkì sí i díẹ̀díẹ̀. Fúláwà kan máa ń mumi ju òmíràn lọ, torí náà ọwọ́ yín ni kí ẹ gbọ́ràn sí lẹ́nu, ẹ má tẹ̀ lé ìwọ̀n mílíìkì nìkan: ibi tó bá ti ká jọ tí kò sì lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́, ẹ dúró níbẹ̀, bí mílíìkì bá tiẹ̀ ṣẹ́kù.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ti tó fún pípò. Búrẹ́dì kọ́ ni ẹ ń ṣe. Tí ẹ bá pò ó jù, á máa fà. Bí ẹ ṣe ń tẹ́ ẹ ni á máa sún kì padà, tó bá sì jinná tán á le débi tí eyín àgbàlagbà kò ní gbà á. Ẹ fi aṣọ bò ó fún ogún ìṣẹ́jú kó sinmi.

Ẹ fi ìgò tàbí igi tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ kó nípọn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà kan ní gígùn, kan ní ìbú. Kí gbogbo rẹ̀ dọ́gba: èyí tó kéré á ti jóná kí èyí tó tóbi tó jinná. Fúláwà tí ẹ fi wọ́n pátákó á lẹ̀ mọ́ ọn lára, ẹ kó o sínú asẹ́ kí ẹ gbọ̀n ọ́n dànù, torí òun ló ń jóná sísàlẹ̀ ìkòkò, tí òróró fi ń dúdú kí ẹ tó dín ìdajì.

Kí òróró jìn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún nínú ìkòkò. Bí ẹ bá ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru, 170°C ni. Bí ẹ kò bá ní, ẹ ju ẹyọ kan sí i. Tó bá rì tó sì jókòó sísàlẹ̀, òróró kò tíì gbóná. Tó bá pọ́n kó tó pé ìṣẹ́jú kan, ó ti gbóná jù. Èyí tó tọ́ á rì díẹ̀, á yọ ìfófòó, á sì léfòó láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹ̀kúnwọ́ méjì ni kí ẹ máa dà sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, òróró á tutù, chin-chin á sì máa mu ún dípò kó máa dín. Kí ẹ máa rò ó láìdúró fún ìṣẹ́jú mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹ kó o kúrò nígbà tó bá kù díẹ̀ kó pọ́n tó bí ẹ ṣe fẹ́, nítorí ooru inú rẹ̀ ṣì ń dín in lọ lẹ́yìn tó kúrò lórí iná.

Bí òróró bá ń yọ ìfófòó tó fẹ́ kún ìkòkò, tí chin-chin sì ń tú, bọ́tà ló pọ̀ jù. Ẹ má da èyí tó kù nù. Ẹ po ṣíbí ńlá méjì fúláwà mọ́ èyí tí ẹ kò tíì dín, ẹ tún un tẹ́, kí ẹ fi ẹyọ márùn-ún dán an wò kí ẹ tó da èyí tó kù sí i.

Ìtutù ló ṣe pàtàkì jù, òun náà ni ọ̀pọ̀ kì í fara balẹ̀ ṣe. Ẹ tẹ́ chin-chin sínú tírè, kó má gun ara wọn, fún wákàtí méjì, láìbò ó. Oru omi ṣì ń jáde lára rẹ̀. Bí ẹ bá dé e mọ́nú ìgò, oru yẹn á di omi lábẹ́ ọmọrí, á kán padà sórí rẹ̀, ó di rírọ̀ nìyẹn. Ẹyọ tó ti tutù pátápátá ni kí ẹ fi ẹnu dán wò. Èyí tó gbóná máa ń rọ̀ lẹ́nu, kò sì lè sọ òótọ́ fún yín. Bí inú rẹ̀ bá ṣì rọ̀, ẹ gbé e sínú ààrò 150°C fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí kò bá sí ààrò, ẹ yan án nínú ìkòkò gbígbẹ tó nípọn lórí iná kékeré, kí ẹ máa rò ó. Nínú ìgò tó dé dáadáa, ó ń pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ìpara òrí

Ilẹ̀ Òkè-Ògùn, ní agbègbè Ṣakí, wà lára ibi tí igi ẹmì, igi tí òrí ti ń wá, ti ń hù nílẹ̀ Yorùbá. Ibi yòówù tí òrí yín ti wá, ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Òórùn èéfín díẹ̀ kò burú, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bó bá ń rùn bí òróró tó ti pẹ́ nílẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Kò sí òórùn dídùn tó lè bò ó mọ́lẹ̀.

Àsìkò ni yóò sọ irú èyí tí ẹ máa ṣe. Nígbà ọyẹ́ tàbí fún ẹni tó wà ní ìlú òtútù: òrí gíráàmù 300 àti àdín àgbọn mílílítà 75, tí a óò lù kó fúyẹ́. Láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, ẹ má lù ú. Ooru ara èèyàn lásán ti ń yọ́ òrí, ká má tíì sọ ti inú mọ́tò lọ́sàn-án. Ìgbà yẹn, òrí gíráàmù 300, ìda oyin gíráàmù 30, àdín àgbọn mílílítà 45 ni kí ẹ lò, kí ẹ sì dà á sínú ìgò nígbà tó ṣì ń ṣàn. Ìda oyin ló ń jẹ́ kó dúró.

Ẹ gbé abọ́ gbígbẹ lé orí ìkòkò omi tó ń gbóná, kí omi má kan ìdí abọ́. Bí ìda oyin bá wà níbẹ̀, òun àti àdín ni ẹ máa kọ́kọ́ yọ́, torí ó nílò ooru tó ju ti òrí lọ. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá yọ́, ẹ fi aṣọ funfun gbígbẹ sẹ́ ẹ. Iyanrìn àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ máa ń wà nínú òrí ọjà, ẹni tó bá fi para ló máa mọ̀ ọ́n lára.

Fún èyí tí ẹ máa lù, ẹ gbé abọ́ náà sínú omi yìnyín, kí ẹ máa rò ó títí á fi ki tí kò ní mọ́ gaara mọ́. Ẹ má jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀ lórí tábìlì. Oríṣiríṣi ọ̀rá ló wà nínú òrí, wọn kì í sì í dì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìtutù bá falẹ̀, èyí tó ń tètè dì á kóra jọ, á di hóró-hóró tó ń họ ara. Òrí bẹ́ẹ̀ kò bàjẹ́: ẹ tún un yọ́, kí ẹ sì yára mú un tutù. Lẹ́yìn náà ẹ fi míkísà lù ú fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́jọ títí á fi funfun, tí ojú ibi tí míkísà gbà á sì dúró láìpadé.

Òórùn dídùn ló kẹ́yìn, nígbà tí ooru ti lọ. Ogún ẹ̀kán òróró láfẹ́ńdà ti tó. Ẹ má fi lọ́fínńdà tí wọ́n ń fín sára sí i, ọtí àti omi wà nínú rẹ̀. Òróró èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ náà kò yẹ, torí ó lè mú kí oòrùn jó ara ẹni tó bá fi para. Bí ẹ̀bùn bá jẹ́ ti ọmọ tuntun, òrí àti àdín nìkan ni, láìsí òórùn kankan.

Ó lè tó oṣù mẹ́fà níbi tó tutù, tí ọwọ́ tútù kò bá wọ inú ìgò. Ẹ fi ṣíbí onígi kékeré kan tì í. Ẹni tó bá rí ṣíbí kò ní ti ìka bọ̀ ọ́ láti balùwẹ̀.

Ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́

Èyí kò gba àkókò. Ìlẹ̀kẹ̀ mìlímítà 8, okùn rọ́bà mìlímítà 0.8. Ẹ fi òwú wọn ọrùn ọwọ́, kí ẹ fi sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ kún un. Bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 18 lápapọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ 22 tàbí 23 ló máa gbà. Ẹ kọ́kọ́ fa rọ́bà náà dáadáa ní ẹ̀ẹ̀mẹta, mẹ́rin kí ẹ tó sín in, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa dẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ fún. Tí ẹ bá ń ta á, kí okùn kọjá lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdè àkọ́kọ́, kí ẹ tún ta á lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ kán gúlù sí i, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó gé etí rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹnu ihò rẹ̀ mú ń gé rọ́bà. Ẹ fi abẹ́rẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Iyùn tòótọ́ kì í ṣe ohun tí à ń fi rọ́bà sín. Okùn ọ̀rá tó nípọn ni kí ẹ lò, kí ẹ máa ta kókó láàárín ẹyọ kan sí èkejì, tó bá já kí ẹyọ kan péré lè bọ́. Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ní ìlẹ̀kẹ̀, torí ó lè gbé e mì.

Dídì àti fífi ránṣẹ́

Ẹ gba aṣọ tó ṣẹ́kù lọ́dọ̀ télọ̀. Fún ọmọrí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 7, ẹ gé aṣọ roboto tó fẹ̀ ní 15, kí ẹ fi okùn dè é mọ́ ọrùn ìgò. Bó bá jẹ́ adìrẹ tuntun, ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́, torí aró á yọ sí gbogbo ọwọ́.

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣe é sára ìgò, pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀. Ti chin-chin ló ṣe kókó jù: fúláwà, ẹyin àti mílíìkì wà nínú rẹ̀, ara ẹlòmíràn sì kọ ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tó bá ń gbé ìpara òrí wọ ọkọ̀ òfurufú, inú àpótí tó ń lọ sábẹ́ ọkọ̀ ni kó kó o sí, pẹ̀lú ọ̀rá yíká ìgò kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfurufú, ohun olómi ni wọ́n ka ìpara sí, èyí tó bá sì ju mílílítà 100 lọ nínú àpò ọwọ́, ẹnu ibi àyẹ̀wò ló máa kù sí.