Bí mo ṣe yọ DNA ọ̀gẹ̀dẹ̀ jáde nílé ìdáná

Àbúrò mi obìnrin tó wà ní SS2 ti há DNA sórí: mólékùlù tó gbé àbùdá lọ́wọ́, lẹ́tà mẹ́rin A, T, G àti C, okùn méjì tó lọ́ mọ́ra. Àmọ́ nígbà tí mo bi í bóyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń jẹ lọ́wọ́ ní DNA, ó ní èèyàn àti ẹranko nìkan ló ní in. Mo ní kó dìde, a ó jọ fojú rí i.

Ohun tí a lò kò pọ̀: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n dáadáa, iyọ̀, ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́, omi, àti sípíríìtì láti kẹ́míìsì. Sípíríìtì ni mo kọ́kọ́ gbé sínú fírísà, torí bó bá ṣe tutù tó ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń dára tó. Ó máa ń tètè gbaná, nítorí náà a ò tan gáàsì rárá títí a fi parí.

Mo fi fọ́ọ̀kì tẹ ìdajì ọ̀gẹ̀dẹ̀ títí kò fi ní kókó mọ́. Mo po iyọ̀ ṣíbí kékeré kan àti ọṣẹ ṣíbí kékeré méjì mọ́ ìdajì ife omi, mo dà á lé e lórí, mo sì ń rò ó jẹ́jẹ́ kí ọṣẹ má baà hó.

Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ọ̀rá ló pọ̀ jù nínú awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì, òun náà ló bo àárín rẹ̀ níbi tí DNA ń gbé. Ọṣẹ máa ń tú ọ̀rá, ìdí nìyẹn tí awọ náà fi ń já. Ní ti iyọ̀, àwọn fọ́sífétì ara DNA jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù, wọ́n sì máa ń lé ara wọn sẹ́yìn. Sódíọ̀mù inú iyọ̀ tó jẹ́ pọ́sítíìfù á wá dúró tì wọ́n, kí okùn DNA lè sún mọ́ra. Ẹni tó bá ní ọ̀pẹ òyìnbó lè kán omi rẹ̀ díẹ̀ sí i, torí bromelain inú rẹ̀ máa ń gé purotéènì tó rọ̀ mọ́ DNA.

A fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ sínú ife dígí. Mo dẹ ife náà, mo rọra da sípíríìtì tútù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó lè léfòó sókè. DNA kì í yòrò nínú sípíríìtì, nítorí náà níbi tí omi méjèèjì ti pàdé, nǹkan funfun bẹ̀rẹ̀ sí í gbára jọ, bọ́ọ̀lù afẹ́fẹ́ kéékèèké há sínú rẹ̀, ó sì ń gòkè. Mo fi igi súyà tó mọ́ wé e. Ó ń fà bí ilá.

Kì í ṣe mólékùlù kan ṣoṣo la rí o, àìmọye ló lọ́ mọ́ra, àjẹkù purotéènì sì wà láàárín wọn. Ní 1869, ara ọyún tó wà lára báńdéèjì ilé ìwòsàn ni Friedrich Miescher, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Switzerland, ti kọ́kọ́ yọ irú nǹkan yìí ní ìlú Tübingen, ní Jámánì.

Àbúrò mi wò ó títí. “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé inú irú nǹkan yìí ni AS mi wà?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Nínú jíìnì beta-globin, ìyẹn apá DNA tó ń sọ bí a ṣe ń ṣe apá kan haemoglobin, purotéènì tó ń gbé oxygen nínú ẹ̀jẹ̀, lẹ́tà A kan ló yí padà di T. Amino acid ni ẹyọ tí a fi ń to purotéènì; ìyípadà yẹn mú kí ẹyọ kẹfà, tó yẹ kó jẹ́ glutamic acid, di valine. Ẹni tó jẹ́ AS gba irú jíìnì yìí láti ọ̀dọ̀ òbí kan, ẹni tó jẹ́ SS gbà á láti ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì. Lára ẹni tó ní SS, bí oxygen bá ti kúrò lára haemoglobin, àwọn mólékùlù rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra di ọ̀pá gígùn, sẹ́ẹ̀lì pupa á tẹ̀, á le, á sì dí ojú iṣan. Ìrora fòníkú-fọ̀ládìde tibẹ̀ wá. Ọdún 1949 ni Linus Pauling, onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ Amẹ́ríkà, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé inú mólékùlù haemoglobin gan-an ni àìsàn náà wà. Àbúrò mi ní kí n tún un sọ, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

A da ìyókù nù, torí kì í ṣe ohun mímu. Èyí tó wà lórí igi la fi sínú ìgò kékeré tó ní sípíríìtì, òun ló máa gbé lọ fún tíṣà báyọ́lọ́jì wọn lọ́jọ́ Ajé.