Bí a ṣe ń pààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì lówà Hilux àtijọ́

Bí pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì bá ń rì wọlẹ̀ ṣáá, tí jíà sì ń ké garara nígbà tí o bá fẹ́ kì í bọ rìfáàsì, má tíì gbà kí wọ́n já jíà bọ́ọ̀sì sílẹ̀. Lówà ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ìyẹn sílíńdà kékeré tí óìlì ń tì kó lè já kílọ́ọ̀ṣì. Lára Toyota Hilux tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 1985 sí 1995, ìta ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà bọ́ọ̀sì, bóòtì méjì péré ló dè é. Ká rọ́bà tó bo ẹnu rẹ̀. Bí óìlì bíréèkì bá ṣàn jáde, ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Wo ọ́pà pẹ̀lú, ìyẹn sílíńdà tó wà lókè pẹ́dà, tó ń ti óìlì lọ sí lówà. Bí òun náà bá ń jò, ẹ̀ẹ̀kan náà ni kí o ra méjèèjì.

Fi jáákì gbé ọkọ̀, kí o sì fi irin ìdúró gbè é kó o tó wọ abẹ́ rẹ̀.

Nọ́ọ̀tì páìpù ni kí o kọ́kọ́ dẹ̀, nígbà tí lówà ṣì dúró gbọn-in. Sípánà 10 tó máa ń gbá nọ́ọ̀tì mọ́ra ló dáa, torí èyí tó yẹnu máa ń jẹ ẹ́ létí. Lẹ́yìn náà, fi sípánà 12 tú bóòtì méjèèjì. Kí ẹnikẹ́ni má tẹ pẹ́dà o. Óìlì yìí máa ń bó ọ̀dà, nítorí náà fi omi ṣan ibi tó bá kán sí.

Ọwọ́ lásán ni kí o fi bẹ̀rẹ̀ nọ́ọ̀tì páìpù sára lówà tuntun kí o tó de bóòtì rẹ̀, kí ojú rẹ̀ má baà wọ́. Rí i pé ọ̀pá rẹ̀ bọ́ sójú ihò fọ́ọ̀kì, irin tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì.

Ó wá ku ká lé afẹ́fẹ́ tó ti wọ inú páìpù jáde, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Bu DOT 3, ìyẹn óìlì bíréèkì, sínú ife óìlì tó wà lórí ọ́pà, láti inú ìgò tí a ò tíì ṣí rí. Ki rọ́bà funfun bọ nípù, ẹnu kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde lára lówà, ri ẹnu kejì sínú óìlì nínú ìgò kékeré. Ẹni tó wà nídìí pẹ́dà yóò rọra tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀, yóò sì pariwo pé, “Ó ti wọlẹ̀!” Ṣí nípù díẹ̀, jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde, dé e, kí o tó ní kó gbẹ́sẹ̀. Bó bá ṣáájú rẹ gbẹ́sẹ̀, afẹ́fẹ́ tún ti wọlé nìyẹn. Níbẹ̀rẹ̀, pẹ́dà lè má padà fúnra rẹ̀, ẹ fọwọ́ fà á sókè. Má jẹ́ kí ife óìlì gbẹ. Kékeré ni, ó sì máa ń tètè tán.

Bí pẹ́dà bá ṣì ń rọ̀, dé nípù, tú bóòtì méjèèjì, kí o rọra fọwọ́ ti ọ̀pá lówà wọlé. Afẹ́fẹ́ tó há yóò gòkè lọ sínú ife. Dè é padà, ṣáná, tẹ pẹ́dà, ki rìfáàsì: kò gbọ́dọ̀ ké mọ́.