Bí Mo Ṣe Fi Plasmid Sínú E. coli ní Ìbàdàn

Kí jíìnì tó dé inú ewéko, inú bakitéríà ló ti máa ń kọ́kọ́ gbé. Ẹ̀wà tó ń kojú kòkòrò Maruca, èyí tí ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2019, Agrobacterium, bakitéríà inú ilẹ̀ kan, ló gbé jíìnì wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n plasmid (òrùka DNA kékeré) tí à ń gbé fún Agrobacterium, inú bakitéríà mìíràn, E. coli, ni a ti ń sọ ọ́ di púpọ̀. DH5α, oríṣi E. coli kan tí wọ́n ń lò ní yàrá ìwádìí, ni mo lò, plasmid mi sì ni pUC19, tó ní jíìnì tí ń borí ampicillin, oògùn tí ń pa bakitéríà. Àwọn ìlànà máa ń kọ "ẹ gbé e sínú yìnyín" ní gbólóhùn kan, wọ́n á sì kọjá. Ní Ìbàdàn, nínú ooru oṣù kẹta, gbólóhùn yẹn gan-an ni iṣẹ́.

Mo ra yìnyín lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á ní Bódìjà, mo fọ́ ọ wẹ́wẹ́, mo dà á sínú kúlà, mo wá bu omi tútù lé e títí omi fi dí gbogbo àlàfo àárín rẹ̀. Omi yìí ṣe pàtàkì. Yìnyín nìkan kì í kan ara túùbù yíká, afẹ́fẹ́ ló máa ń wà láàárín wọn. Omi ló ń gbé òtútù náà dé ara túùbù. Ẹ má bu iyọ̀ sí i o: iyọ̀ á fa òtútù náà lọ sí ìsàlẹ̀ 0°C, sẹ́ẹ̀lì á sì dì. CaCl2 (calcium chloride), túùbù àti orí pìpẹ́ẹ̀tì, inú fíríìjì ni gbogbo wọn sùn mọ́jú.

Agar, oúnjẹ tó máa ń dì tí bakitéríà ń hù lórí rẹ̀, ni mo kọ́kọ́ sè. Fún mílílítà 250: tryptone gíráàmù 2.5, yeast extract 1.25, iyọ̀ 2.5, agar 3.75. Pírẹ́ṣọ̀ pọ́ọ̀tù tó bá dé 15 psi ti dé 121°C, ìṣẹ́jú 15 sì tó. Mo da mílílítà 50 sínú àwo méjì láìfi oògùn sí i. Ìyókù, mo dúró tì í títí ọwọ́ fi lè di ìgò náà mú, nǹkan bí 50°C, kí n tó fi ampicillin máíkírólítà 200 sí i, èyí tí mo ti pò ní mílígíráàmù 100 sí mílílítà kan. Ooru máa ń ba ampicillin jẹ́. Ẹni tó bá kánjú dà á sínú agar gbígbóná, bakitéríà á hù bo gbogbo àwo rẹ̀, inú á sì máa dùn ún lásán.

Bakitéríà tó sùn nínú LB (omi oúnjẹ bakitéríà: tryptone, yeast extract àti iyọ̀, láìsí agar) mọ́jú, mílílítà 0.5 nínú rẹ̀ ni mo fi sínú LB tuntun mílílítà 50, ní 37°C, lórí ẹ̀rọ tí ń mì ín. Mo ń wo OD600 rẹ̀, ìyẹn bí omi náà ṣe ṣú tó, tó ń fi hàn bí bakitéríà ṣe pọ̀ tó, ní ogún-ogún ìṣẹ́jú. Bó ṣe dé 0.35 ni mo gbé e kúrò. Mi ò jẹ́ kó kọjá 0.4, torí ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì ṣì ń pọ̀ sí i kíákíá ló máa ń gba DNA dáadáa. Ó wọ inú omi yìnyín fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà centrifuge (ẹ̀rọ tí ń yí túùbù kíákíá kí sẹ́ẹ̀lì lè wọlẹ̀) ní 4°C, 2,700 × g (ìlọ́po agbára òòfà ilẹ̀), ìṣẹ́jú 10. Mo da omi rẹ̀ nù, mo fi CaCl2 0.1 M tútù mílílítà 10 rọra tú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù (CaCl2·2H2O gíráàmù 1.47 nínú omi mílílítà 100 ni). Ọwọ́ ni mo fi yí túùbù náà; vortex, ẹ̀rọ tí ń gbọn túùbù, á fọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, torí ara wọn ti di ẹlẹgẹ́. Yìnyín ìṣẹ́jú 30, centrifuge lẹ́ẹ̀kan sí i, CaCl2 mílílítà 2. Iná (charge) tó wà lára DNA àti lára bakitéríà jẹ́ oríṣi kan náà, wọ́n ń ti ara wọn. Kalsíọ̀mù inú CaCl2 ló ń pa á rẹ́ tí wọ́n fi lè sún mọ́ra.

Máíkírólítà 100 sẹ́ẹ̀lì gba pUC19 nánógíráàmù 10. Túùbù kejì kò gba nǹkan kan. Yìnyín ìṣẹ́jú 30. Iná mànàmáná ti lọ ní àkókò yìí, kúlà kejì ni mo fi ṣe omi gbígbóná: mo pa omi sísè pọ̀ mọ́ omi tútù títí tẹmómítà fi dúró sí 42°C. Omi púpọ̀ nínú kúlà tó ní ìdérí kì í tètè tutù, ó sì dúró dáadáa. Ìṣẹ́jú-àáyá 45 gééré, láìmì í, ó padà sínú yìnyín fún ìṣẹ́jú 2. Láti inú yìnyín dé inú omi gbígbóná, ẹ má gbé túùbù náà rìn kiri lọ́wọ́, torí kó ti inú òtútù bọ́ sínú ooru lẹ́ẹ̀kan náà là ń wá.

Lẹ́yìn náà ni LB máíkírólítà 900, wákàtí kan ní 37°C, láìsí oògùn. Jíìnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé nílò àyè láti ṣe èròjà tí ń fọ́ ampicillin. Bí oògùn bá bá wọn láìmúra, wọ́n á kú.

Máíkírólítà 100 ni mo tẹ́ sórí àwo kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn wákàtí 16: sẹ́ẹ̀lì tí kò gba DNA kún orí àwo tí kò ní oògùn, wọ́n wà láàyè nìyẹn, lórí ampicillin, òfìfo, oògùn ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Èyí tó gba pUC19 ní kọ́lọ́nì 150 lórí ampicillin (kọ́lọ́nì ni òkìtì bakitéríà tó ti ara sẹ́ẹ̀lì kan wá). Ìdá kan nínú mẹ́wàá ni mo tẹ́, DNA ibẹ̀ jẹ́ nánógíráàmù 1, nítorí náà kọ́lọ́nì 1.5 × 10⁵ fún DNA máíkírógíráàmù kan. Kò burú fún sẹ́ẹ̀lì tí a fọwọ́ ṣe. Bí àwo àkọ́kọ́ bá kún, tí ti pUC19 sì ṣófo, òtútù tàbí 42°C ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò.

Mi ò jẹ́ kí àwo náà pẹ́ ju wákàtí 18 lọ. Èròjà tí kọ́lọ́nì ńlá ń tú jáde máa ń fọ́ ampicillin àyíká rẹ̀, àwọn kékeré tí kò ní plasmid á sì yọ yí i ká. Kọ́lọ́nì ńlá tó dá dúró ni mo mú, mo gbìn ín sínú LB tó ní ampicillin, mo sì pa á mọ́ pẹ̀lú glycerol ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ní −80°C. Gbogbo àwo àti túùbù yòókù padà sínú pírẹ́ṣọ̀ pọ́ọ̀tù, 121°C, ìṣẹ́jú 30, kí wọ́n tó dé inú garawa ìdọ̀tí.