Fáínìlì tó ń ṣí lára pólò: ohun tó bá mi yanjú rẹ̀

Pólò ọdún Ọ̀ṣun làwọn oníbàárà mi ní Òṣogbo gbé wá, pé kí n fi ẹ̀rọ gbígbóná tẹ lẹ́tà fáínìlì (ọ̀rá tí iná máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ) sí i lára. Tí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́, lẹ́tà tó sún mọ́ bọ́tìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í ká sókè. Mo fi kún iná ẹ̀rọ, fáínìlì súnkì. Mo pààrọ̀ fáínìlì, ìyẹn náà ṣí.

Àṣé bọ́tìnnì àti ojú rírán ló ń gbé irin gbígbóná ẹ̀rọ náà sókè, tí kò fi tẹ lẹ́tà dáadáa! Mo ti fóòmù pẹlẹbẹ (èyí tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ yìí, tí iná rẹ̀ kì í yọ́) sínú aṣọ, sábẹ́ lẹ́tà nìkan, kí bọ́tìnnì wà níta etí fóòmù náà. Mo kọ́kọ́ tẹ aṣọ lásán fún ìṣẹ́jú àáyá 5 kí ọ̀rinrin jáde (òjò kì í jẹ́ kí aṣọ gbẹ lásìkò yìí), lẹ́yìn náà fáínìlì, 155°C, ìṣẹ́jú àáyá 15. Kò ṣí mọ́, ọpẹ́ ni. Aṣọ òwú (cotton) ni tèmi o. Ẹ wo ìwọ̀n iná tí wọ́n kọ fún fáínìlì tiyín.