Snapdragon pupa l'Óṣogbo: àwọn àṣìṣe tó ń pa á kó tó tanná

Òjò àkọ́rọ̀ ló máa ń dá àṣìṣe àkọ́kọ́ sílẹ̀. Bó bá ti rọ̀ ní oṣù kẹta tí ilẹ̀ sì dẹ̀, gbogbo ẹni tó ní ọgbà kékeré níwájú ilé, láti Òkè-Fìà dé Ògo-Olúwa, á ní àsìkò gbígbìn ti dé. Òótọ́ ni fún àgbàdo àti ẹ̀fọ́. Òótọ́ ni fún hibiscus àti ixora tí àwọn olódòdó ń tò sẹ́bàá títì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbin snapdragon, òdòdó ilẹ̀ òkèèrè kan, lásìkò yẹn ti pàdánù rẹ̀ kó tó hù, kò sì sí ajílẹ̀ tàbí oògùn kòkòrò tó lè tún un ṣe.

Èyí tó pupa ni mo ń bá wí ní pàtàkì, torí òun ni àwọn ènìyàn ń béèrè jù: ọ̀pá kan tó nà ró, òdòdó tò lé ara wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pa ètè dé bí ẹni tí kò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀. Ó rẹwà, kò sì ní májèlé. Àmọ́ ó ní ìwà tirẹ̀, àwọn tó ń tà á kì í sì í sábà sọ ọ́ fún oníbàárà.

Ẹ má gbìn ín nígbà tí òjò ń bẹ̀rẹ̀

Agbègbè òkun Mẹditaréníà ni ilé rẹ̀, ní Sípéènì, gúúsù Faransé àti Mòrókò, níbi tó ti ń hù láàárín àpáta àti lára ògiri àtijọ́. Ọ̀sán tó wà láàárín nǹkan bí 17 sí 24°C ló bá a lára mu, kí òru sì tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ. L'Óṣogbo, ọ̀sán oṣù kejì àti oṣù kẹta máa ń lé ní 33°C, àgbàlá tí wọ́n sì ti fi kọnkéré bò kì í tètè tutù bí ilẹ̀ bá ṣú. Ooru yìí kì í pa á lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tó ń tan ènìyàn jẹ nìyẹn. Ewé á máa tutù yọ̀yọ̀, igi á máa ga, ẹ ó máa bomi rin ín, ẹ ó máa retí, òdòdó kò ní yọ. Èyí tó bá fi agídí yọ á kéré, á sì rẹ̀ dànù kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Lẹ́yìn náà ni òjò gidi á wọlé, tí ọ̀rinrin á kó àrùn bá ewé.

Ohun tí a ní níbí tó sún mọ́ òtútù ilé rẹ̀ ni ọyẹ́. Láti ìparí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kìíní, òru máa ń tutù, ìdájí á wà ní nǹkan bí 20°C, ìgbà mìíràn á tún lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀sán ṣì ń gbóná, n kò ní purọ́ fún yín, òdòdó tiwa kò ní ga tó èyí tí wọ́n ń gbìn ní Yúróòpù. Ṣùgbọ́n á tanná. Láti irúgbìn dé òdòdó máa ń gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí náà ẹ kà á padà sẹ́yìn: bí ẹ bá fẹ́ kí òdòdó bá ọyẹ́ pàdé, irúgbìn gbọ́dọ̀ ti wà nínú ike ní oṣù kẹsàn-án. Bí èrò ọdún Ọ̀ṣun bá ti tú ká ní oṣù kẹjọ, ẹ ti máa wá irúgbìn kiri. Òjò ṣì ń rọ̀ kíkankíkan ní oṣù kẹsàn-án, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ la ti ń tọ́ ọ, a ó sì lọ̀ ọ́ sínú ọgbà nígbà tí òjò bá fẹ́ dáwọ́ dúró, ní ìparí oṣù kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá.

Ẹ má wo àwòrán nìkan kí ẹ tó sanwó

Àwòrán pupa wà lára pákẹ́ẹ̀tì, inú rẹ̀ jẹ́ àdàlù: pupa díẹ̀, funfun, yẹ́lò, àwọ̀ osàn. Bó bá jẹ́ pupa nìkan lẹ fẹ́, ẹ rí i dájú pé wọ́n kọ pupa sí i, kì í ṣe "mix". Àwọn kan tún ń ta snapdragon búlúù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi owó yín jẹun. Igi yìí kò ní ohun tó ń mú òdòdó di búlúù nínú ara rẹ̀, ẹni tó bá ní òun ní irúgbìn rẹ̀ ń ta fọ́tò ni.

Ohun tó tún ṣe pàtàkì ju àwọ̀ lọ, tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀, ni ẹgbẹ́ tí irúgbìn náà wà. Àwọn tó ń gbìn ín fún títà pín in sí ẹgbẹ́ mẹ́rin: ìkíní wà fún ìgbà òtútù tí ojúmọ́ kúrú, ìkẹrin wà fún ìgbà ooru tí ojúmọ́ gùn. Oríṣi tí wọ́n ń pè ní Chantilly, tí gbogbo ayé ń pín fọ́tò rẹ̀, wà ní ẹgbẹ́ ìkíní àti ìkejì. Ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ní òtútù. Oríṣi Potomac wà ní ẹgbẹ́ ìkẹta àti ìkẹrin, Rocket náà sì ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí èyí tó ń fara da ooru díẹ̀. Méjèèjì ní èyí tó pupa. Bí àyè yín bá kéré tàbí tó jẹ́ inú ìkòkò lẹ fẹ́ gbìn ín sí, ẹ wá èyí tó kúrú, tí kì í ga ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ, kò nílò ọ̀pá ìfẹ̀yìntì.

Ẹ má bo irúgbìn mọ́lẹ̀

Irúgbìn yìí kéré débi pé ó lé ní 5,000 nínú gíráàmù kan. Bí ènìyàn bá sín nítòsí rẹ̀, ó ti lọ. Àṣà wa ni pé kí a wa ihò, kí a ju irúgbìn sí i, kí a fi ẹsẹ̀ bò ó, kí a sì da omi lé e. Ọ̀nà mẹ́ta lèyí fi ń pa snapdragon. Ó nílò ìmọ́lẹ̀ kó tó lè hù, nítorí náà erùpẹ̀ tó bò ó mọ́lẹ̀ ti pa ojú rẹ̀ dé. Kò lágbára láti ti ilẹ̀ sókè. Omi tí ẹ dà láti inú bùkẹ́ẹ̀tì á sì gbá gbogbo rẹ̀ jọ sí igun kan.

Ẹ po ó mọ́ yanrìn gbígbẹ tó kúnná, kó lè tàn káàkiri. Ẹ wọ́n ọn sórí ilẹ̀ tí ẹ ti fi omi rin tẹ́lẹ̀ nínú ike tó ní ihò ní ìdí, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ó parí. Bí ilẹ̀ bá ń gbẹ, ẹ gbé ike náà sínú abọ́ omi, á fà á mu láti ìsàlẹ̀. Ibi tó mọ́lẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí, kì í ṣe inú oòrùn ọ̀sán, kì í sì í ṣe orí páànù. Ọjọ́ méje sí mẹ́rìnlá ló máa fi hù. Bí ẹ bá fi ọ̀rá bò ó kí ọ̀rinrin má ba à lọ, ẹ ṣí i kúrò gbàrà tó bá ti yọjú. Èyí tó bá wà nínú ọ̀rinrin láìsí afẹ́fẹ́ á tinrín ní ìdí, á sì ṣubú lulẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Àrùn olú (fungus) ni, kò sì ní ìwòsàn.

Nígbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ní ewé mẹ́rin, ẹ yà wọ́n. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ìdí rẹ̀ tó fún èyí, ẹ má lọ ra ìkòkò olówó iyebíye.

Ẹ má ṣàánú orí rẹ̀

Èyí ni ó máa ń le jù fún àwọn ìyá wa. Ẹ ti tọ́ nǹkan láti orí eruku, ó ga tó ìka, ẹnì kan wá ní kí ẹ gé e lórí! Ṣùgbọ́n èyí tí a kò gé máa ń ta ọ̀pá kan ṣoṣo, òdòdó rẹ̀ á tán, ọgbà á dá. Nígbà tó bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 10 tó sì ní ewé méjì-méjì ní ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ fi èékánná já orí rẹ̀. Á pẹ́ díẹ̀ kó tó tanná, àmọ́ ẹ̀ka mẹ́rin, márùn-ún á yọ níbi tí ìkan ìbá wà.

Àyàfi bí ẹ bá ti pẹ́ gbìn. Ẹni tó gbìn ín ní oṣù kọkànlá kó má gé nǹkan kan, torí ooru oṣù kejì ti ń bọ̀ lọ́nà, ọ̀pá kan tó tanná sàn ju ẹ̀ka márùn-ún tí kò rí àyè lọ.

Ibi tí ẹ ó lọ̀ ọ́ sí náà ṣe kókó. Oòrùn àárọ̀ ni kó gbà, kí ilé tàbí igi sì bò ó bí ọ̀sán bá ti pọ́n: ẹ̀gbẹ́ ilé tó dojú kọ ìlà oòrùn ló dára jù. Kó má sún mọ́ ọgbà páànù, torí páànù ń da ooru padà sí i lára. Ilẹ̀ pupa tó le, tó máa ń dá omi dúró, ẹ fi yanrìn àti ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa tú u. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù á jó gbòǹgbò rẹ̀, èyí tó bá sì yè á gbé ewé rẹpẹtẹ sórí igi tí kò lágbára. Ẹ fi àyè sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 sílẹ̀ láàárín àwọn tó ga, 15 fún àwọn tó kúrú.

Ẹ má fi róbà omi wẹ̀ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́

Gbogbo wa la fẹ́ràn rẹ̀: iṣẹ́ ti parí, a fà róbà omi, a ń fọ́n omi sí gbogbo ọgbà títí ewé fi ń dán. Snapdragon ló ń jìyà rẹ̀. Àrùn kan wà tó jẹ́ tirẹ̀, ìpẹtà, tí olú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Puccinia antirrhini ń fà. Ẹ yí ewé padà wò: bí ẹ bá rí ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń tú lẹ́búlẹ́bú, tí òkè ewé sì ní àmì tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, òun nìyẹn. Lórí ewé tó tutù fún ọ̀pọ̀ wákàtí ló ti ń hù, ewé tó ṣì ní omi lára bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú ló sì ń pẹ́ jù kó tó gbẹ. Ẹ já àwọn ewé náà, ẹ sun wọ́n. Ẹ má kó wọn sínú ajílẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, òwúrọ̀ ni kí ẹ máa bomi, ìdí igi sì ni kí omi lọ.

Ọyẹ́ ń ràn wá lọ́wọ́ níbí, afẹ́fẹ́ gbígbẹ kì í jẹ́ kí olú yìí ráyè. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ kan náà ló ń fa omi kúrò nílẹ̀, àkókò náà sì ni kànga ń fà. Koríko gbígbẹ tí ẹ tẹ́ sí ìdí rẹ̀ á dín omi tí ẹ ń pọn kù.

Fún àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ewé tó ń lẹ̀ mọ́ orí rẹ̀, omi ọṣẹ tí kò le tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́n òtapíápíá sí òdòdó. Oyin ńlá dúdú tó máa ń lu ihò sí igi àjà wà lára àwọn díẹ̀ tó lágbára láti ṣí ẹnu òdòdó yìí wọlé, òun lẹ máa kọ́kọ́ pa. Ewúrẹ́ àti adìyẹ àdúgbò ńkọ́? Kí ẹ ṣe ọgbà yí i ká ni ìdáhùn, ẹ kò lè bá wọn wí.

Ẹ má gbìn ín kí ẹ máa wò ó lókèèrè

Ọ̀pọ̀ ń gbin pupa síwájú ògiri alámọ̀ tàbí síbi tí eruku pupa ti bo gbogbo nǹkan, wọ́n wá ń ṣe kàyéfì pé kò hàn. Iwájú ògiri funfun ni kí ẹ gbìn ín sí, tàbí kí ẹ to òdòdó funfun sí àárín rẹ̀. Kí ẹ sì mọ̀ pé pupa ni ojú kì í rí mọ́ bí ilẹ̀ bá ń ṣú. Bó bá jẹ́ alẹ́ nìkan lẹ máa ń wà nílé, ẹ gbìn èyí tó funfun mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé fi ìka méjì tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ òdòdó náà, á ya ẹnu, á tún pa á dé. Bí wọ́n bá já ìkan tàbí méjì dànù, kò burú.

Ẹ sì máa gé e. Èyí tó bá ti rẹ̀ tí ẹ fi sílẹ̀ lórí igi á so èso, igi á sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e sínú ilé, òwúrọ̀ kùtù ni kí ẹ gé e, nígbà tí ìdá kan nínú mẹ́ta òdòdó ìsàlẹ̀ bá ti là. Kó máa wà ní ìdúró nínú omi. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí tábìlì, orí rẹ̀ á tẹ̀ kọrọdọ sókè láàárín wákàtí díẹ̀, kò sì ní í nà mọ́. Ní àsìkò Kérésì, ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí ìbẹ́pẹ tó ń pọ́n, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára èso máa ń gbọn òdòdó rẹ̀ dànù.

Nígbà tí oṣù kejì bá ń parí, ẹ fà á tu. Ní ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n lè rẹ́ ẹ kó sì tún hù ní ọdún kejì. Níbí, ẹ kàn ń fi omi ṣòfò lórí igi tó ti rẹ̀ ni. Ẹ má tọ́jú irúgbìn èyí tó jẹ́ F1 (èyí tí wọ́n mú jáde láti ara ìyá àti bàbá oríṣi méjì) fún ọdún tó ń bọ̀, ohun tó máa hù kò ní jọ ìyá rẹ̀, àwọ̀ pupa yín lè di ohun mìíràn. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ pupa nínú ọgbà lásìkò òjò, kó gbin ṣọkọyòkòtò olódòdó pupa sójú àyè náà. Ooru kò dí i lọ́wọ́, ẹ ó sì rí ewé díẹ̀ já fún ọbẹ̀.