Ata rodo lẹ gbìn, ògùmọ̀ lẹ̀ ń bomi rin

Àwọn tí ata wọn ò dáa lásìkò òjò tó kọjá ló jẹ́ ká kọ ìwé yìí, torí a débẹ̀, a wo nọ́sìrì wọn, ìyẹn ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ń hu ata kí wọ́n tó ṣí i lọ sóko, ohun tá a bá níbẹ̀ ni èpò: gbágìí, pápásan, tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún àti ògùmọ̀ tó ń dán bí ata gidi. Wọ́n ní ẹni tó ta irúgbìn ló rẹ́ àwọn jẹ. Irọ́ ni o, inú ìgbẹ́ màlúù ló ti wá. Màlúù jẹ koríko tòun ti hóró ẹ̀, púpọ̀ nínú hóró yẹn ò kú níkùn ẹ̀, ẹ wá kó ìgbẹ́ náà délé, ẹ kó o jọ sókìtì kó lè di ajílẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ẹ ti ní ó ti jẹrà torí pé ó dúdú.

Ẹ kì í yí òkìtì yín! Àárín nìkan ló ń gbóná, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tutù bí omi àmù, hóró tó wà níbẹ̀ ń sùn ni. Òkìtì gbọ́dọ̀ tó mítà 1 lóròó, mítà 1 níbùú, kó ga mítà 1. Ewé gbígbẹ bọ́kẹ́ẹ̀tì 3 sí ìgbẹ́ tútù bọ́kẹ́ẹ̀tì 1. Tẹ́ ẹ bá fún un lọ́wọ́ tí omi ro ẹ̀kán kan sí méjì, omi ẹ̀ tó. Kó gbóná tó 55 sí 60 lórí tẹ̀mómítà Celsius fún ọjọ́ 15, kẹ́ ẹ sì yí i nígbà 5 láàárín ẹ̀, tìta á wọnú, tinú á bọ́ síta, ẹ má fi ọmọdé ṣe é kẹ́ ẹ wá lọ jókòó. Ẹni tí ò ní tẹ̀mómítà, kó ki ọ̀pá irin bọ àárín ẹ̀, tó bá yọ ọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, kò gbọdọ̀ lè dì í mú pẹ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ 15 yẹn, ẹ fi náílọ́ọ̀nù bò ó fún oṣù 2, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn á tún kó hóró koríko akíntọ́lá dà sí i.

Kẹ́ ẹ tó gbin nǹkan kan, ẹ bu díẹ̀ nínú ajílẹ̀ náà sínú abọ́, ẹ bomi rin ín fún ọjọ́ 10. Tí koríko bá hù rẹpẹtẹ, ẹ dá gbogbo ẹ̀ padà sínú òkìtì míì.

Ẹni tó ti gbin ata ẹ̀ ńkọ́? Tó bá gbìn ín ní ìlà, èyí tó hù láàárín ìlà, ẹ fà á tu. Ẹni tó fọ́n ọn bí ẹní fọ́n àgbàdo fádìẹ, kó ní sùúrù. Ata rodo máa ń pẹ́ kó tó yọrí, ó lè tó ọ̀sẹ̀ 2, torí náà èyí tó bá hù lọ́jọ́ kẹrin, kì í ṣe ata.