Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Mọ́dẹ̀lì Plásímà CO2: Ta Ló Sọ Fún Yín Pé Gáàsì Tutù?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan fi gíráàfù mọ́dẹ̀lì plásímà CO2 rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi: ó fẹ́ mọ bí iná mànàmáná ṣe ń tú CO2. Ó ti fi oṣù méjì san owó kọ̀ǹpútà àyálò, inú rẹ̀ ń dùn. Mo ṣí fáìlì rẹ̀, ìlà àkọ́kọ́ tí mo rí ni Tg = 300, ìyẹn ni pé ó ti de ìgbóná gáàsì mọ́ 300 K. Mo gbé ife tíì mi sílẹ̀. Owó oṣù méjì ti wọgbó.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí ti mọ VT (agbára gbígbọ̀n mólíkù tó ń di ooru gáàsì) àti VV (agbára gbígbọ̀n tó ń kọjá láti mólíkù kan sí òmíràn), nítorí náà mi ò ní pẹ́ lórí ìpìlẹ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ má ṣe pa ọ̀nà mẹ́ta tí CO2 ń gbà gbọ̀n pọ̀ sójú kan. Títẹ̀ wà ní 667 cm⁻¹, nínà tó dọ́gba wà ní 1,388, nínà tí kò dọ́gba wà ní 2,349. Èyí tó ń tẹ̀ máa ń tètè da agbára rẹ̀ sínú ooru gáàsì. Èyí tí kò dọ́gba máa ń dì í mú díẹ̀. Ẹ fún gbogbo wọn ní ìwọ̀n ìgbóná kan ṣoṣo, ohun tí ẹ wá wò ti sọnù nìyẹn.

Èkejì: Td kì í ṣe V/cm. Td ń wọn E/N, ìyẹn pápá iná mànàmáná (E) tí a pín sí iye mólíkù inú àyè kan (N); V/cm ń wọn E nìkan.

Ẹ̀kẹta: ẹnìkan á mú cross section (iye tó ń sọ bí ẹ́lẹ́ktírọ́ọ̀nù ṣe lè kọlu mólíkù tó) inú fáìlì dátà Phelps, á tún lọ mú ti títú mólíkù wá láti ibòmíràn, á dà wọ́n pọ̀. Ìlà 7 eV àti ti 10.5 eV (eV jẹ́ ẹyọ ìwọ̀n agbára), tó ti ka agbára yẹn, ti wà nínú Phelps tẹ́lẹ̀! Owó kan náà lẹ ń ná lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má sì ra sọ́fítíwíà kankan fún iṣẹ́ yìí: ọ̀fẹ́ ni BOLSIG+, ọ̀fẹ́ ni LoKI-B, àwọn tó ń ṣírò agbára ẹ́lẹ́ktírọ́ọ̀nù; ọ̀fẹ́ ni LXCat, àkójọ cross section orí ayélujára.

Ó yá, Tg. Ibi tó ń dùn mí rèé.

Nǹkan bí 5.5 eV ni CO2 nílò kó tó ya sí CO àti O. Ìtàn tó dùn létí ni pé nínà tí kò dọ́gba á máa gun àtẹ̀gùn, nǹkan bí 0.29 eV ní ìgbésẹ̀ kan, títí mólíkù á fi já, tí gáàsì fúnra rẹ̀ á ṣì tutù. Tí ẹ bá fi 300 K de gáàsì mọ́lẹ̀, kí ló fẹ́ fà á bọ́ lórí àtẹ̀gùn? Bí gáàsì ṣe ń gbóná ni VT ń yára, Landau àti Teller ti wí i láti 1936. VT ń mú gáàsì gbóná, gáàsì gbígbóná ń ti VT síwájú.

Kò tán síbẹ̀. Tí prẹ́ṣọ̀ kò bá yí padà, tí gáàsì wá dé 3,000 K, mólíkù tó wà nínú àyè kan náà (N) á ku ìdá kan nínú mẹ́wàá ti 300 K, E/N á di ìlọ́po mẹ́wàá bí E kò bá yí padà. Ẹ́lẹ́ktírọ́ọ̀nù yín ti kó kúrò ní àdúgbò tí ẹ ń wá wọn sí. 3,000 K kì í sì í ṣe àsọdùn: wọ́n ti fi Raman, ọ̀nà ìwọ̀n tó ń lo ìmọ́lẹ̀ lésà, wọn àárín plásímà máíkíróweefù, ó kọjá bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, ooru lásán ló ń tú CO2.

Báwo ni mo ṣe mọ̀? Ọdún àkọ́kọ́ mi, mọ́dẹ̀lì mi ní agbára tó lé ní 70 nínú 100 ló ń lọ sí títú CO2. Mo ti ń ronú aṣọ tí màá wọ̀ lọ gba ẹ̀bùn. Ọ̀gá mi mú mi lọ síwájú páìpù quartz, àárín rẹ̀ ń tàn yòò. Wọ́n ní, “Fọwọ́ kàn án, 300 K ṣáà ni.” Mi ò fọwọ́ kàn án. Mo padà lọ kọ ìṣirò ooru sí i, iye yẹn sì já wálẹ̀ débi tí mi ò ní sọ níbí.

Ẹ̀karùn-ún, àbí ẹ̀kẹfà: átọ́ọ̀mù O máa ń pa gbígbọ̀n gan-an, ẹ má yọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbésẹ̀ kẹ́míkà tó lọ nínú mọ́dẹ̀lì gbọ́dọ̀ lè padà bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti 3D.

Àbúrò yẹn ti tún tiẹ̀ ṣe ní 0D (mọ́dẹ̀lì tó ka gbogbo àyè sí ojú kan) lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ní Tg òun ti dé 2,600. Mo ní kó lọ wo N tó fi sílẹ̀ síbẹ̀.